Ẹ Má Fi Sáńdípépà Ha Ojú Rẹ̀ Nù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́ lóṣù yìí. Ère, aṣọ àti eré orí ìtàgé ni ẹ ti mọ̀ mí mọ́. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ géèmù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlúpéjú, ládùúgbò tí mo ti dàgbà, ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Wọ́n ń tún àpótí géèmù àtijọ́ kan ṣe, wọ́n sì ń fi sáńdípépà ha iṣẹ́ ọnà nù lára rẹ̀. Nígbà tí èmi yóò fi débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ló gbé mi dé iwájú yín.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tó jẹ́ pé inú tẹlifóònù ni wọ́n bá géèmù. Nígbà tiwa, géèmù kì í wọ àpò. Àpótí pákó ni, ó ga ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ, ó sì wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin ní í gbé e. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀, bọ́tìnì wà níwájú rẹ̀, ihò tí à ń sọ owó sí wà nísàlẹ̀. O sọ owó sí i, o ta géèmù, wọ́n pa ọ́, ó tún ń wojú rẹ fún owó mìíràn.

Èyí tí mò ń sọ yìí wọ Ìlúpéjú ní 1982, sínú ilé ọtí kan tó wà lẹ́yìn Town Planning Way. Ẹni tó ni ilé ọtí náà ti gbé Amẹ́ríkà rí. Òun àti fíríìjì méjì ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Kò yẹ kí ọmọ ilé-ìwé máa wọ ilé ọtí, ṣùgbọ́n bàbá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Dáàdì, fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wa títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Owó Amẹ́ríkà nìkan ni ihò àpótí náà ń gbà, nítorí náà Dáàdì ní kí páńẹ́ẹ̀bítà kan gé irin pẹlẹbẹ tó bá a mu, ó wá ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa ní ogún kọ́bọ̀. Owó oúnjẹ ọ̀sán mi, inú ihò yẹn ló ń lọ. Ìyá mi kò mọ̀ títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀.

Space Invaders ni orúkọ géèmù náà. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Tomohiro Nishikado, ló ṣe é fún ilé-iṣẹ́ Taito ní 1978. Ilé-iṣẹ́ Midway ló ń ṣe ti Amẹ́ríkà, irú èyí tí Dáàdì rà. Abàmì ẹ̀dá márùndínlọ́gọ́ta, ìlà márùn-ún, mọ́kànlá-mọ́kànlá, ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn kan ṣoṣo, o sá sábẹ́ ààbò mẹ́rin tí ọta ń jẹ mọ́ ọ lórí. Bí o bá ṣe ń pa wọ́n ni àwọn tó kù ń yára sí i. Àwa rò pé inú ló ń bí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló lọ́ra. Bí ẹrù ṣe ń fúyẹ́ lórí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá. Nishikado rí i bẹ́ẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mú eré náà dùn.

Ẹ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí wọ́n ṣí i lójú mi. Tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun ni! Gbogbo àwọ̀ tí à ń rí láyé ìjọsí, ọ̀rá aláwọ̀ ni wọ́n tò sójú rẹ̀, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àwọ̀ ọsàn lókè. Dígí kan ló sì ń gbé àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n náà jáde sí wa, kó lè dà bí ẹni pé iwájú òṣùpá tí wọ́n yà sẹ́yìn ni ogun náà ti ń jà. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè yàwòrán tó tẹ́ ojú lọ́rùn, ọwọ́ ayàwòrán ló ń bá a parí iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ya iwin onírun gàgàrà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà nínú dígí kò ju bí akàn lọ. Ẹnìkan fi ọwọ́ yà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sára àìmọye àpótí.

Àwọn iwin onírun ti Dáàdì kò gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ti gbo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, irun kù, ojú kò sí. Dáàdì kò sì fẹ́ kí oníbàárà máa wo ohun tó ti họ. Ó ránṣẹ́ sí átíìsì kan ní Mushin, lọ́wọ́ Ojúwòyè, ẹni tó ń kun ara bọ̀lẹ̀kájà àti mọ̀lúẹ̀, tó sì ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fún àwọn onígbàjámọ̀ àti télọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Gbogbo wa jókòó tì í bí ẹni ń wo sinimá.

Ẹ wá bá mi wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tó ṣẹ́kù. Sánmà rẹ̀ kì í ṣe dúdú bí ti oyìnbó. Àwọ̀ ọsàn ni, tó ń lọ sí pupa, bí ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ lórí Ìkòròdú Róòdù. Inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀tá ti ń bọ̀. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá géérégé ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà wo inú dígí kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ka ohun tó rí. Ẹni tó ṣe ti Amẹ́ríkà kò kà á. Ṣùgbọ́n kò wá fi wọ́n sílẹ̀ bó ti bá wọn. Ó da aṣọ egúngún bò wọ́n, ó sì fi ọ̀pá eríà tẹlifíṣọ̀n ṣe ìwo fún wọn. Nísàlẹ̀, níbi tí àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀rá inú dígí, sójà kan kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó na ìbọn sókè. Kí ló sá sí lábẹ́? Tíátà Ìganmú, èyí tí wọ́n ti ń fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti 2024. Ẹ mọ̀ pé ilé náà jọ fìlà sójà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ tán ní 1976. Átíìsì wa gbé fìlà ńlá yẹn lé sójà lórí, ó sì fi hàn pé ọta ti ń jẹ etí rẹ̀, jágajàga, bí ààbò inú géèmù ṣe máa ń jẹ.

Ilé tí a kọ́ fún FESTAC 1977, tí a ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, ó fi í ṣe ohun tí ọ̀tá ń bù jẹ níṣojú wa. N kò lè búra pé ó fi ń sọ̀rọ̀ sí ìjọba. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, nínú gbogbo àwòrán Lagos ọdún 1980 sí 1983 tí mo ti rí lára mọ́tò àti lára ògiri, n kò rí èyí tó ro àròjinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wá fi lẹ́tà aláwọ̀ méjì, tí òjìji ń tẹ̀ lé, kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: KÍ Ọ̀TÁ MÁ YỌ̀ MÍ.

Kò ṣàì ní àléébù o. Òjìji sójà náà bọ́ sí apá ibi tí oòrùn ti ń ràn. Ọwọ́ tó fi di ìbọn mú burú jáì: ìka mẹ́fà ni, wọ́n wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Wàyí o, Dáàdì ti kú, ilé ọtí ti di ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, àpótí náà sì ti wà nínú gáráàjì lábẹ́ táyà àti páálí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àkọ́bí Dáàdì, tí a jọ ta géèmù náà, ló ní kí wọ́n tún un ṣe. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú iṣẹ́ iná rẹ̀ rárá. Ọ̀gá oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó pè mọṣẹ́. Ó kọ́kọ́ yọ agbára tó ti gbà sínú ojú tẹlifíṣọ̀n náà, nítorí pé irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ lè gbá ènìyàn dànù lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ó fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu pátákó kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún àwọn ojú ìjórin tó ti là jó. Iná 120 fóòtì ti Amẹ́ríkà ni àpótí náà ń jẹ, tiwa sì jẹ́ 240, ó wá ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí i kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súìṣì. Ọ̀rá aláwọ̀ ti ṣá. Ó lọ ra irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ó gé e, ó tò ó síbẹ̀. Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ pákó plywood tí ikán ti jẹ, ó lẹ tuntun mọ́ ọn láìfọwọ́ kan òkè. Bí wọ́n ti tan án, tí ìró ẹsẹ̀ àwọn abàmì yẹn bẹ̀rẹ̀, gì, gì, gì, gì, ẹ má bi mí ohun tó ṣe ojú mi.

Ibi tí wọ́n ti dé ara ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Oníbàárà kan ní òkè òkun ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òun yóò ra àpótí náà bí ó bá jẹ́ oríjínà. Ọ̀rẹ́ mi sì nílò owó, kò fi pamọ́, ọmọ rẹ̀ méjì wà ní yunifásítì. Ni ó bá wá àwòrán iwin onírun ti Midway lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lọ sí Ṣómólú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n fi sáńdípépà ha ẹ̀gbẹ́ òsì dé ojú pákó, wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ọn. Mo wọlé nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ti gbé ìwé sáńdì ka ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo pariwo. Ó rò pé iná ló gbé mi.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, oríjínà. A kò jìnnà sí Ládípọ̀, a mọ bí wọ́n ti ń lò ó. Oríjínà ni èyí tó jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà. Àwọn yòókù, àrọ́pò ni. Ó dára fún bíríkì àti púlọ́ọ̀gì mọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú gáráàjì yìí, ohun tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń jẹ́ oríjínà, iṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà lára pákó náà láti 1982 wá di ìdọ̀tí tí à ń ha. Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Àìmọye àpótí Space Invaders ló ní iwin onírun lára. Mélòó ló ní Tíátà Ìganmú?

Mo wo sítíkà náà dáadáa, n kò fi ìbínú wò ó. Ó mọ́, ó ń dán, ojú gbogbo iwin pé. Kò sí ohun tí a lè rí ní ìgbà kejì tí a kò rí ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí o bá fẹ̀yìn tì í, ó rí bákan náà pẹ̀lú flẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé kọ́ sójú títì fún òkú àgbà àti ìbò. Flẹ́ẹ̀sì yìí náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn átíìsì wa. Nígbà tí ọkọ̀ BRT dé ní 2008, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé mọ̀lúẹ̀ kúrò lójú títì, ìyókù iṣẹ́ wọn bá a lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé átíìsì sáìnbọ́ọ̀dù kan ní Oníṣà, tó ń jẹ́ Middle Art, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Iwalewa-Haus tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth, nílẹ̀ Jámánì, ní 1981. Chéri Samba bẹ̀rẹ̀ lórí sáìnbọ́ọ̀dù ní Kinshasa kó tó di pé wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Paris ní 1989. Àwòrán sinimá tí àwọn ará Ghana fi ọwọ́ kùn sórí àpò ìyẹ̀fun fún àwọn ilé fídíò, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà á. Àmọ́ n kò fẹ́ fi oyìnbó ṣe ẹlẹ́rìí jù, àwọn náà ń ṣìnà. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní New York, MoMA, gba Space Invaders wọlé ní 2013. Ojú géèmù nìkan ni wọ́n gbé sí ara ògiri fún àwọn òǹwòran, wọ́n fi àpótí sílẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀mí, wọ́n ju ara nù.

Ẹjọ́ mi ti dúró dáadáa báyìí, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ kí a wá átíìsì náà bí ó bá ṣì wà láyé, kó wá sọ fún un fúnra rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. A rí i ní Mushin. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín ti dín lẹ́nu, ojú ṣì mú. A gbé wọn wá. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún ìgbà pípẹ́. Mo ń retí omijé. Wọ́n yí sí wa, wọ́n ní:

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kó gbó báyìí? Mọ́tò tí mo bá kùn, kì í ju ọdún méjì tí wọ́n á fi gbé e padà wá kí n tún un kùn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú tán kí ẹ tó ránṣẹ́ pè mí ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ kó wà bó ṣe wà ni."

"Bó ṣe wà bí i ti báwo? Wo ìka sójà yẹn. Ìka yẹn ti ń dùn mí láti ọjọ́ yẹn. Bàbá yín kò fún mi láyè kí n tún un ṣe, ó ní oníbàárà ti ń dúró."

Ẹnu mi wọhò. Mo ti fẹ́ fi ọkùnrin náà ṣe ẹlẹ́rìí ìpamọ́, àṣé òun gan-an ló fẹ́ parẹ́. Nígbà tí mo délé ni mo tó rántí pé a kì í ṣe àjèjì sí ohun tí Bàbá sọ. Ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń kun ògiri rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kùn ún nígbà náà bí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀. Tọdún yìí ń bo tèṣí mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sunkún tèṣí. Moyo Okediji ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin wọ̀nyí, òun náà tí ó jẹ́ ayàwòrán. Ère ìbejì ńkọ́? Ìwẹ̀ àti osùn ni ìyá ń fi kẹ́ ẹ títí imú rẹ̀ yóò fi pẹ̀tẹ́. Ta ló wá kọ́ èmi pé ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà ni pé kí ọwọ́ má kàn án? Inú ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Síbẹ̀, n kò jọ̀wọ́ ohun gbogbo. Àwọn obìnrin Ìkirè kò lẹ sítíkà. Ọwọ́ ló ń bo ọwọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń kùn ún ti wo tàná dáadáa kó tó fi tòní lé e. Ọmọ iṣẹ́ tó mú sáńdípépà kò wo nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ronú, ó pe oníbàárà rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Ó padà wá ní òun yóò ṣí sítíkà kúrò, kí Bàbá kun ẹ̀gbẹ́ òsì ní tuntun, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wà bó ṣe wà. Bàbá gbà, ojú wọn kò dùn.

Ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ náà gbà. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ kan, tí òun náà ti di bàbá àgbà, ló bá wọn fa ìlà lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ẹ̀gbẹ́ òsì tuntun yìí: kò tó ti ọ̀tún. Ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù fún ohun tó wà lórí rẹ̀, afárá tí wọ́n fi rọ́pò Tíátà dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni pé oorun ń kùn ún, kò sì sí ọta tó jẹ ẹ́ níbì kankan. Kò sí sójà mọ́. Bàbá ní wọ́n ti ṣe tó. Ọlọ́kadà kan ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ojú rẹ̀ dà bí ti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n sánmà yẹn! Bàbá fi ìka lásán ti ọ̀dà àwọ̀ ọsàn wọ inú búlúù kó tó gbẹ, ó ń yí bí omi ọ̀sà lálẹ́. Àwọn ọ̀tá ṣì wọ aṣọ egúngún, ṣùgbọ́n eríà ti kúrò lórí wọn. Abọ́ sátẹ́láìtì ni wọ́n dé bí akẹtẹ̀. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá ni.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jáde lọ jẹ àmàlà lọ́nà Coker Road, a fi Bàbá sílẹ̀ kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mu omi, ojú wọn tutù bí ti ọmọ ìkókó. Mo yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọ̀dà tutù wà lára ọwọ́ sójà náà. Ìka márùn-ún ni, wọ́n sì gún régé.

N kò sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí?

Lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì kò yí padà, KÍ Ọ̀TÁ MÁ YỌ̀ MÍ ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni Bàbá kọ orúkọ wọn sí àti nọ́ńbà tẹlifóònù, bí átíìsì ti máa ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé kò ní jẹ́ kí wọ́n pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kí oníbàárà tó rí i. Bàbá wo apá ibòmíràn, wọ́n bi wá bóyá ẹlòmíràn wà ládùúgbò tó ní irú àpótí yìí.